Ẹ̀rù Lójú Aṣọ Funfun: Ìtàn Sinimá Adẹ́rùbani, Iyì Rẹ̀ àti Àbùkù Rẹ̀

Kò sí àwùjọ ènìyàn tí kò ní ìtàn tí ń dẹ́rù bani. Láàrin Yorùbá, bí ọmọdé bá ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá tí ó sì ti rẹ́rìn-ín tán, yóò tún bẹ àgbà pé kí ó pa àlọ́ iwin. Ọ̀kan nínú àwọn àlọ́ bẹ́ẹ̀ ni ti omidan tí ó kọ gbogbo ọkọ tí àwọn òbí rẹ̀ fi lọ̀ ọ́, tí ó wá tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kan tí ó rí lọ́jà. Bí wọ́n ti ń lọ lójú ọ̀nà ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, ọwọ́ lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ẹ̀rù ni àlọ́ náà fi ń mú ọmọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni ó ń fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ẹ̀rù bá ti lọ tán, ohun tí ó kù lọ́kàn ni pé ẹwà a máa jẹ́ ohun àyálò, àti pé ẹni tí kò bèèrè ìlú àlejò kò gbọdọ̀ bá a délé.

Sinimá ti jogún iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àlọ́. Sinimá adẹ́rùbani, èyí tí òkú ń jí dìde nínú rẹ̀, tí ènìyàn ń di ẹranko, tí oṣó àti àjẹ́ ń jà lóru, ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí ó ti wà láyé. Àwọn kan a máa fojú tín-ínrín wò ó bí ohun ìṣeré ọmọdé. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ohun ìbàjẹ́ tí kò yẹ ọmọlúwàbí. Èrò méjèèjì kò jinlẹ̀ tó. Bí a bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ tí ó tọ́, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a máa bi irú sinimá bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé, kí ni ó fi hàn wá, kí sì ni ó fi pamọ́ fún wa? Èkejì ni pé, orí ta ni ó di ẹ̀bi ibi náà rù? Ìtàn yóò fi hàn pé nínú ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní ni iyì sinimá adẹ́rùbani pọ̀ sí jù lọ, àti pé nínú ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ni àbùkù rẹ̀ fara pamọ́ sí.

ONÍDÁN DI ONÍSINIMÁ

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ èrò láti fi àwòrán tí ń rìn hàn wọ́n ní ìlú Paris. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Georges Méliès, onídán tí ó ni ilé eré tirẹ̀ nínú ìlú náà. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí òun náà fi ṣe Le Manoir du diable, èyí tí a lè pè ní Ilé Ńlá Sátánì. Eré náà kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àdán ńlá kan fò wọlé, ó di Sátánì; iwin àti egungun òkú yọ, wọ́n tún pòórá; ní ìgbẹ̀yìn, àgbélébùú ni a fi lé Sátánì lọ. Ọ̀pọ̀ òpìtàn sinimá ni ó gbà pé ibí yìí ni ìtàn sinimá adẹ́rùbani ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí Méliès gbà pidán náà kò le. Yóò dá ẹ̀rọ ayàwòrán dúró, yóò ní kí òṣèré má ṣe mira, yóò gbé ohun kan kúrò, yóò fi òmíràn sí ipò rẹ̀, yóò sì tún máa yí ẹ̀rọ náà lọ. Lójú òǹwòran, ohun kìíní ti di ohun kejì. Ẹni tí ó bá mọ eégún aláré ilẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò rí i pé ohun tí òyìnbó yìí fi ẹ̀rọ ṣe, àwọn ọ̀jẹ̀ ti ń fi aṣọ ṣe é tipẹ́tipẹ́. Lójú agbo ni eégún ti ń di ère, tí ó ń di ọ̀nì, tí ó sì tún ń padà di ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èrò ń ṣe nígbà tí wọ́n bá rí i. Ẹnu a yà wọ́n, wọn a pàtẹ́wọ́, wọn a sì fún ọ̀jẹ̀ lówó. Wọn kì í sá lọ, nítorí pé ẹnu yíyà kì í ṣe ẹ̀rù. Nígbà tí sinimá dé Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, tí a fi í hàn ní Gbọ̀ngàn Glover, ìyanu ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ó pe èrò jọ. Ó di ẹ̀yìn ogun ńlá kan kí àwọn onísinimá tó mọ bí a ṣe ń fi òjìji ṣe ohun tí idán kò lè ṣe.

ÒJÌJI LẸ́YÌN OGUN

Jámánì ni ẹ̀kọ́ yìí ti wá. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 parí ní 1918 pẹ̀lú ìṣẹ́gun lórí Jámánì. Ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọkùnrin kò padà wálé mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tí àwọn àgbà Yorùbá ń pè ní lùkúlùkú, sì tún pa nínú àwọn tí ó kù. Nínú ilẹ̀ tí ó kún fún ọ̀fọ̀ báyìí ni Robert Wiene ti gbé Das Cabinet des Dr. Caligari jáde ní oṣù Kejì ọdún 1920. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń fi ẹni tí ń sùn rìn ṣe ìran wíwò níbi àríyá ìlú ni ó ń rán ẹni náà lọ pànìyàn lóru. Àwọn ayàwòrán mẹ́ta, Hermann Warm, Walter Reimann àti Walter Röhrig, ni ó ṣe ilé àti òpópónà eré náà. Gbogbo ògiri ni ó tẹ̀, fèrèsé kò gún, òjìji pàápàá jẹ́ ọ̀dà tí a fi kun ara ògiri. Òǹwòran kò tíì rí ẹni tí a pa kí ọkàn rẹ̀ tó sọ fún un pé ayé yìí kò dúró ire.

Ní 1947, onímọ̀ kan tí a ń pè ní Siegfried Kracauer kọ ìwé kan, nínú èyí tí ó ti sọ pé sinimá bí èyí ti fi hàn ṣáájú pé ọkàn àwọn ará Jámánì ti ń múra sílẹ̀ láti tẹrí ba fún aninilára. Èrò rẹ̀ gbilẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ tán ni gbogbo ènìyàn ń rántí pé ojú ọ̀run ti ṣú. Ohun tí ó dájú ni pé eré náà mọ irú ẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó wá wò ó, ìyẹn ẹ̀rù pé ènìyàn lè di ohun èlò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó pànìyàn, kí ó má sì mọ̀. Kò sí ọmọ ogun kan tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹta 1922, F. W. Murnau gbé Nosferatu jáde. Inú ìwé Dracula tí Bram Stoker kọ ní 1897 ni a ti fa ìtàn rẹ̀ yọ, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Opó Stoker pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ ní 1925 pé kí a ba gbogbo ẹ̀dà sinimá náà jẹ́. Bí kò bá ṣe pé àwọn ẹ̀dà kan ti kọjá sí ìlú mìíràn, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó dára jù lọ nínú ìtàn sinimá ìbá ti parẹ́. Inú iṣẹ́ yìí náà ni a ti kọ́kọ́ rí òkú amùjẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń pa. Nínú ìwé Stoker, ọ̀sán kì í pa á.

Ìran kan wà nínú Nosferatu tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Òkú amùjẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ bá obìnrin kan nínú yàrá. A kò rí òkú náà. Òjìji rẹ̀ ni a rí lára ògiri, pẹ̀lú èékánná gígùn, bí ó ti ń na ọwọ́ sí ìlẹ̀kùn. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Méliès àti Murnau ti hàn kedere. Méliès fi ohun gbogbo hàn, ẹnu sì yà wá. Murnau fi ìdajì pamọ́, ó sì fi í lé ọkàn wa lọ́wọ́ kí ó parí rẹ̀. Ọkàn ènìyàn a sì máa yàwòrán ẹ̀rù ju ayàwòrán èyíkéyìí lọ.

Ṣùgbọ́n Nosferatu náà ni ó kọ́kọ́ fi àbùkù ńlá irú sinimá yìí hàn. Àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ni amùjẹ̀ náà, imú rẹ̀ rọ̀ kọdọrọ, ó ra ilé sáàrin ìlú, eku sì tẹ̀lé e wọ ìlú pẹ̀lú àjàkálẹ̀ àrùn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti tọ́ka sí i pé àwòrán yìí jọ àwọn àwòrán ẹ̀gàn tí àwọn ọ̀tá Júù ń yà kiri ní Yúróòpù nígbà náà. Kò sì rọrùn láti sọ pé ìkórìíra ni ó bí i, nítorí pé Júù ni Henrik Galeen tí ó kọ eré náà sílẹ̀. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé àwòrán a máa ṣe ju ohun tí ẹni tí ó yà á ní lọ́kàn lọ. Bí ẹ̀rù bá wà nílẹ̀ tí kò ní ojú, ojú àlejò ni ó máa ń yá jù fún un.

ÀNÚ FÚN ẸNI TÍ A Ń BẸ̀RÙ

Láti Jámánì, iṣẹ́ náà kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ Universal gbé Dracula jáde ní oṣù Kejì, tí wọ́n sì gbé Frankenstein jáde ní oṣù Kọkànlá. Ìgbà náà ni ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí àìrísẹ́ṣe gbòde. Síbẹ̀, èrò rọ́ lọ wo àwọn eré méjèèjì. Dracula lókìkí nítorí ohùn àti ojú Bela Lugosi, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú eré náà jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ nínú yàrá bí ti orí ìtàgé. Frankenstein, tí James Whale darí láti inú ìtàn tí Mary Shelley tẹ̀ jáde ní 1818, ni ó wọni lára jù.

Ọ̀mọ̀wé kan ni ó ṣa ẹ̀yà ara òkú jọ, tí ó sọ ọ́ di ẹ̀dá alààyè, tí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó rí i bí ó ti burú tó. Boris Karloff ni ó ṣe ẹ̀dá náà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ńṣe ni ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ó fẹ́ dì í mú. Ní etí odò, ó bá ọmọbìnrin kékeré kan pàdé tí kò bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ òdòdó sínú omi kí wọ́n lè rí i bí ó ti ń léfòó. Nígbà tí òdòdó tán, ó gbé ọmọ náà jù sínú omi, nítorí ó rò pé òun náà yóò léfòó. Ọmọ náà sì kú.

Àwọn alábòójútó sinimá gé ibi tí ó ti gbé ọmọ náà jù sómi kúrò, wọn kò sì dá a padà títí di àwọn ọdún 1980. Èyí mú ọ̀rọ̀ kan wá tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa. A ti sọ pé fífi nǹkan pamọ́ ni agbára sinimá adẹ́rùbani. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ohun tí a fi pamọ́ ba ìtàn jẹ́. Òǹwòran rí ọwọ́ ẹ̀dá náà tí ó nà sí ọmọ, lẹ́yìn náà ó rí bàbá tí ó gbé òkú ọmọ rẹ̀ la ìlú já. Ọkàn rẹ̀ fi ìwà tí ó burú ju èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lọ kún ààrin. Àìmọ̀kan di ìkà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí a fi pamọ́ ni ó ń ṣe ire. Bí a bá fi ibi pamọ́, ẹ̀rù ni a ń dá sílẹ̀. Bí a bá fi ìdí rẹ̀ pamọ́, irọ́ ni a ń pa mọ́ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Nígbà tí gbogbo ìlú gbé iná dání tí wọ́n lé ẹ̀dá náà wọ inú ilé ọlọ tí ẹ̀fúùfù ń yí, tí wọ́n sì fi iná sí i, ẹni tí ó bá wo odindi eré náà mọ̀ pé ìyà jẹ ẹni tí kò ní bàbá tí yóò gbèjà rẹ̀. Iyì Frankenstein ni pé ó mú wa bẹ̀rù ẹ̀dá náà kí ó tó mú wa bẹ̀rù ara wa.

ERÉKÙṢÙ ÀWỌN ẸRÚ

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1932, Victor Halperin gbé White Zombie jáde. Haiti ni a fi ìtàn náà sí, ní àkókò tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi agbára dúró sí orílẹ̀-èdè náà, láti 1915 títí di 1934. Láàrin àwọn ará Haiti, òkú tí a jí dìde tí a ń pè ní sọ́ńbì kì í ṣe ohun tí ń jẹ ènìyàn. Ẹrú ni. Ohun tí ń bani lẹ́rù kì í ṣe kí sọ́ńbì mú ni. Kí a má sọ ẹni di ọ̀kan ni, kí ènìyàn tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti jagun gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní 1804 má tún kú tán kí ó padà di ẹrú nínú oko ìrèké. Nínú White Zombie, a rí ibi tí àwọn òkú ti ń yí ọlọ ìrèké lóru. Ọ̀kan ṣubú sínú ọlọ, àwọn yòókù kò sì dúró. Ìran kan yìí sọ nípa oko ẹrú ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ṣùgbọ́n eré náà kò mọ ohun tí ó dì mú. Ìyàwó òyìnbó kan ni gbogbo ìdààmú rẹ̀ wà fún. Àwọn ará Haiti kò ju igi ìdí ilé lọ. Ẹ̀rù tí ó jẹ́ ti ẹrú ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi í fún olówó ẹrú.

Ó di 1942 àti 1943 kí ẹlòmíràn tó ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Val Lewton, olùgbéjáde ní ilé iṣẹ́ RKO, ni wọ́n fún ní owó díẹ̀ àti orúkọ eré, tí wọ́n ní kí ó lọ wá ìtàn sí i. Òun àti olùdarí Jacques Tourneur ṣe Cat People. Nínú rẹ̀, obìnrin kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún omi inú ilé lóru. Iná kú. Ìmọ́lẹ̀ omi ń jó lára ògiri, òjìji kan kọjá, ohùn ẹranko kùn, kò sì sí ohun mìíràn. Bóyá àmọ̀tẹ́kùn ni, bóyá owú obìnrin mìíràn ni, a kò rí i. Àìlówó ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n tí Murnau ti mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe I Walked with a Zombie ní 1943. Nínú ọgbà ilé àwọn òyìnbó tí ó ni oko ìrèké, ère kan wà tí a ti gbẹ́ sí iwájú ọkọ̀ ojú omi tí ó kó ẹrú wá. Ojoojúmọ́ ni gbogbo ará ilé ń kọjá níwájú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀nà inú oko ìrèké lóru ni a ń pè ní Carrefour, ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí oríta. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé oríta ni ibùjókòó Èṣù, tí ó sì mọ̀ pé àwọn tí a kó lẹ́rú láti Dàhòmì gbé Lẹ́gbá lọ sí Haiti, yóò mọ̀ pé orúkọ náà kì í ṣe àṣàdéédéé. Nínú eré yìí, ibi kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Inú ilé olówó ẹrú ni ó wà, láàrin ọmọ ìyá méjì àti obìnrin kan.

Ẹni tí ó fi ohun gbogbo dé òpin ni George Romero, ní 1968, pẹ̀lú Night of the Living Dead. Àwọn òkú jí, wọ́n ń jẹ ènìyàn. Àwọn díẹ̀ sá pamọ́ sínú ilé kan lóko. Duane Jones, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ni ó ní ọgbọ́n àti ìgboyà jù nínú wọn. Òun nìkan ni ó yè títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ó yọjú lójú fèrèsé, àwọn ọkùnrin tí ó gbé ìbọn wá láti gba àwọn ènìyàn là pè é ní òkú, wọ́n sì yìn ín níbọn. Ọdún tí wọ́n pa Martin Luther King ni sinimá náà jáde. Kò sí ẹni tí ó níláti ṣàlàyé fún òǹwòran.

AIYE ÀTI ÀWỌN ÌYÁ

Pẹ̀lú ìtàn yìí lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a fi wá wo ti ilé. Ọlá Balógun ni ó ṣe Àjàní Ògún, sinimá Yorùbá gígùn àkọ́kọ́, ní 1976. Òun náà ni ó darí Aiye tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979. Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń ṣeré orí ìtàgé láti 1944. Kò sí ẹni tí ó mọ òǹwòran Yorùbá tó o. Nínú Aiye, àti nínú Jaiyesimi tí ó tẹ̀lé e ní 1980, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, adáhunṣe tí ó bá ẹgbẹ́ àjẹ́ jà fún ìgbàlà ìlú.

Iyì iṣẹ́ náà kò kéré. Ó gbé ọfọ̀, orin, ijó àti aṣọ Yorùbá sójú aṣọ funfun ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé sinimá wa kún fún eré Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà. Ó gba èrò òǹwòran gbọ́. Kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Bí ọfọ̀ bá jáde lẹ́nu Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹ̀rù àti ayọ̀ a jọ gba ilé sinimá kan, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ní àṣẹ ni wọ́n ń gbọ́. Ní ti èyí, Ògúndé ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òyìnbó yẹn kò lè ṣe, nítorí wọn kò ní irú èdè bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá bi Aiye ní ìbéèrè méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ti ìkíní, ó padà sí ọ̀dọ̀ Méliès: ohun gbogbo ni ó fẹ́ kí a rí, ìyanu sì borí ẹ̀rù. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìlànà eégún aláré ni. Ti ìkejì ni ó wúwo jù. Orí ta ni ẹ̀bi wà? Orí àwọn obìnrin tí ń pàdé lóru.

Kí a tó lè mọ bí èyí ti wúwo tó, a ní láti rántí Àtíngà. Ní 1950, ẹgbẹ́ aṣàjẹ́ kan tí ó ṣẹ̀ wá láti Gold Coast gba Dàhòmì wọ ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, sí Mẹ̀kọ́ àti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Wọn a jó, wọn a nawọ́ sí obìnrin kan láàrin agbo pé àjẹ́ ni. Bí ó bá sẹ́, wọn a dúńbú adìẹ, bí adìẹ náà bá sì ti sùn nígbà tí ó kú ni a fi ń dá obìnrin náà lẹ́bi tàbí láre. Àwọn àgbà obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a fẹ̀sùn kàn. Wọ́n jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe, wọ́n sì san owó. Àwọn Alátíngà tún wó ojúbọ òrìṣà lulẹ̀ káàkiri. Ní 1951 ni ìjọba fòfin dè wọ́n. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà kò tíì pé ọgọ́ta nígbà tí Aiye jáde. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé sinimá ni ó bí irú ìwà yìí, nítorí ìwà náà ti wà ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dáná nítòsí àká gbọdọ̀ mọ ibi tí ẹ̀fúùfù ń fẹ́ sí. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá, ní abala 210 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé nínú ilẹ̀ tí Àtíngà gbà wọlé yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà wa ti ní ìdáhùn mìíràn tipẹ́. Kétu àti Ẹ̀gbádò ni ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbà pé àwọn ìyá ní agbára, pé agbára náà lè pani, ó sì lè lani. Síbẹ̀ kò gbé ogun tì wọ́n. Ó gbẹ́ igi bí ojú obìnrin, ó dé e, ó so ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ obìnrin mọ́ ara ọkùnrin, ó jó fún wọn kí inú wọn lè dùn. Ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ọ̀wọ̀ sì wà pẹ̀lú. Nígbà tí UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ìṣura àṣà gbogbo ayé ní 2001, ohun tí wọ́n bọlá fún ni ọgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ pé a kì í fi iná pa iná ilé. Ògúndé ní ogún méjì nílẹ̀, ogún ìjà àti ogún ìtùlójú. Ìjà ni ó mú.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e náà mú un. Lẹ́yìn 1986 tí owó náírà wálẹ̀, tí fíìmù di ọ̀wọ́n gógó, fídíò gba ipò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ eré fídíò àwọn ọdún 1990, pásítọ̀ kàn gba ipò babaláwo ni. Ìyá ọkọ àti ìyàwó àgbà ṣì ni àjẹ́. Ó di 2022 kí eré kan tí ó gbajúmọ̀ jákèjádò ayé tó gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan darí, ẹyẹ Àkàlà jí Sàrò dìde lẹ́yìn ikú, agbára láti jí òkú sì bọ́ sí Sàrò lọ́wọ́. Kò sí àjẹ́ kankan tí ó bà á jẹ́. Ojúkòkòrò àti ìgbéraga rẹ̀ ni ó pa á. Ọ̀mọ̀wé Frankenstein àti Sàrò ìbá mọ ara wọn bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà.

ÌKÁDÌÍ

Láti inú ìtàn yìí, ohun mẹ́ta ni ó hàn gbangba. Èkíní, àwọn sinimá adẹ́rùbani tí ó ti pẹ́ láyé ni àwọn tí ó mọ ohun tí ó yẹ kí a fi pamọ́. Òjìji Murnau àti adágún omi Lewton ṣì ń bani lẹ́rù, nígbà tí a ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀pọ̀ ohun tí owó ńláńlá fi hàn. Èkejì, irú sinimá yìí lè sọ òtítọ́ tí ẹnu kò lè sọ tààrà, nípa ogun, nípa oko ẹrú, nípa ìkórìíra àwọ̀. Ẹ̀kẹta, bí ó bá gbàgbé láti bèèrè orí ta ni ó ń di ẹ̀bi rù, ẹni tí kò lágbára láwùjọ ni yóò rù ú: àlejò ní Jámánì, ẹrú ní Haiti, ìyá arúgbó ní ilẹ̀ wa.

Nítorí náà, kò yẹ kí àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá fi sinimá adẹ́rùbani sílẹ̀ fún èrò ọjà nìkan. Ó yẹ kí a máa wò ó, kí a máa kọ̀wé lé e lórí, kí a sì máa yìn ín tàbí kí a bá a wí bí a ti ń ṣe fún ewì àti ìtàn àròsọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń gbé ẹ̀rọ ayàwòrán lónìí ní ogún tí ó tóbi lọ́wọ́. Aiye wà níbẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá mú nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán, nítorí ìyá ẹnìkan ni yóò jókòó sí iwájú ilé lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá ti wo sinimá náà tán.